Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Pè Ní Opó

Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn ahéré tó wà lórí òkè Stannet, ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Opó ni mò ń wá."

Delphine Gagnier, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ àga orí wáyà tó ń gbé àwọn oníṣíkì, àwọn tó ń fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, gòkè, gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ti rí i. Èmi nìyí."

Ojú ti Wendell Pike. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á láti máa fi katakata tẹ́ yìnyín kó lè tẹ́jú. Ọ̀nà síkì tó dagun jù lọ lórí máàpù ni wọ́n kọ "Opó" sí. Kò mọ̀ pé ẹ̀dá alààyè kan wà tí wọ́n fi orúkọ náà pè.

Gbogbo ará òkè ló mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń gba àwọn tó bá fara pa là ni Lucien, ọkọ Delphine. Inú kùrukùru lórí ọ̀nà yẹn ló ti ń sáré lọ gba ọmọ ọlọ́mọ là tó fi forí sọ igi, tó sì kú. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní ọ̀nà tó sọ Delphine di opó, nígbà tó yá, wọ́n gé e kúrú. Àwọn tó ni òkè sì kọ ọ́ sára pátákó, torí orúkọ tó ń bani lẹ́rù máa ń fa àwọn aláyà líle wá. Kò sẹ́ni tó bi Delphine bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin náà ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àràárọ̀ ló ń kọjá lábẹ́ pátákó náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí.

"Ẹ má bínú," ni Wendell wí. "Kí lorúkọ yín gan-an?"

"Delphine."

"Ó dáa. Ọ̀nà Delphine ni n ó máa pè é. Ẹnu mi ò ní gba ti ìṣáájú yẹn mọ́."

Delphine rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún kẹ́yìn nínú ahéré yẹn.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù. Kọfí ọjọ́ kan di tojoojúmọ́.

"Ọ̀nà Delphine ń kanra lónìí," ni Wendell á wí. "Gbogbo ara rẹ̀ ló le gbagidi."

"Ẹjọ́ ta ni? Ta ló pẹ́ kó tó wá mu kọfí?"

Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ orúkọ náà. Delphine fẹ́ràn Wendell dénú eegun, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí Albertine, ìyá Lucien. Látìgbà tí Lucien ti kú, ìyá yìí ò fi í sílẹ̀ rí. Òun ló ń se oúnjẹ ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ òkè, ilé rẹ̀ sì ni Delphine ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Delphine ti ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá, tí mo bá ní mo fẹ́ lọ́kọ ńkọ́?"

Albertine ò gbójú sókè. "Opó Lucien ni gbogbo òkè mọ̀ ọ́ sí. Ọjọ́ tó o bá di ìyàwó ẹlòmíì, kí ni wọn ó fi rántí ọmọ mi?"

Delphine kó abọ́ lọ fọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Wendell pé kí àwọn fi mọ síbẹ̀. Wendell dé fìlà rẹ̀.

"Mo gbọ́, olólùfẹ́ mi," ló wí. Kò wá mu kọfí mọ́. Ahéré náà tutù ju ìta lọ.

Ọjọ́ kan tí kùrukùru bo òkè, Wendell lọ so okùn sí etí Ọ̀nà Opó, ó yọ̀, ó ṣubú. Rédíò tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ dún.

"Ẹsẹ̀ mi ti kán. Ọ̀nà Delphine ni mo wà."

"Ọ̀nà wo?" Harlan, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ló ń béèrè. "Wendell, kò sọ́nà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé Opó ni àbí Òpó?"

Ọ̀nà Òpó wà lódì kejì òkè, níbi tí òpó àga àtijọ́ kan dúró sí. Ó pẹ́ tí orúkọ méjèèjì ti ń da àwọn èèyàn láàmú lórí rédíò.

Wendell ò dáhùn mọ́.

"Ó fi orí gbá nǹkan ni," ni Harlan wí. "Ẹ lọ wò ó ní Òpó, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀."

Delphine di rédíò rẹ̀ mú. Ọ̀kan wà lára ògiri ilé ìdáná Albertine, ìyá náà á gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

"Ọ̀gá Harlan, kì í ṣe Òpó. Opó ni. Orúkọ mi ló fi ń pè é."

Harlan tún tẹ rédíò rẹ̀.

"Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tó ti dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré."

Wọ́n bá a níbẹ̀. Òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, àmọ́ ó ń mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àga kan gbé Albertine gòkè, òun tí kò gòkè mọ́ látìgbà ikú ọmọ rẹ̀. Ó dúró níwájú pátákó. Delphine jáde sí i.

"Orúkọ ọmọ mi dà níbí?" ni Albertine bi í.

"Kò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Mo rò pé òun ni wọ́n ń rántí. Ẹkún tìrẹ ni wọ́n kọ sójú ọ̀nà, tí gbogbo ayé ń fi síkì gùn ún." Ó fi ìbọ̀wọ́ nu ojú. "Ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn kán, ó ń kú lọ, síbẹ̀ kò pè ọ́ ní opó. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Gbé e lọ fún un ní ọsibítù."

Nígbà tí àwọn tó ni òkè jókòó láti pa orúkọ dà, kí rédíò má baà tún ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, Albertine ló dìde sọ ohun tí wọn ó kọ. Nígbà tí yìnyín ń yọ́, òun náà ló di Delphine lọ́wọ́ mú lọ bá Wendell, tó fi ọ̀pá dúró, tó ń sunkún bí ọmọdé níwájú àlùfáà.

Yìnyín tún dé. Obìnrin àjèjì kan wọ ahéré pẹ̀lú máàpù tuntun lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Lucien ni mò ń wá."

Delphine wo ojú fèrèsé, níbi tí katakata Wendell ti ń rọra tẹ́ yìnyín.

"Ó wà níta níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Ẹ máa rọra lọ. Ẹni ire ni."