Awò Ojú Jikke

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Àgbà. Ṣé ẹ bá wa mú ìwé ìròyìn dání?"

Báyìí ni Rixt, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣe kí Jikke láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ awò ojú wá sílé-ìwé. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn kalẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jikke náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Lójú tirẹ̀, ayé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó délé, ó ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń bó pòtétò lọ́wọ́, àárẹ̀ sì ti mú un, nítorí bàbá wọn wà lórí àìsàn látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò gbójú sókè.

"Bó o bá dàgbà, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré ni."

Òótọ́ ni ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Jikke gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tóun lè fọ̀rọ̀ náà lọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ń sún mọ́ ilé-ìwé, á bọ́ awò sápò.

Òun náà ló máa ń gbé Hiske, àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà etí odò. Jikke gbọ́ ẹ̀rín Rixt níwájú, ó sì bọ́ awò rẹ̀.

"Wọ̀ ọ́ padà, Jikke," ni Hiske wí. "O ò ríran dáadáa."

"Panu mọ́ jàre."

Katakata kan ń yà bọ̀ sójú ọ̀nà láti inú oko. Rixt àtàwọn tó wà níwájú rí i, wọ́n dúró. Jikke ò rí i títí ó fi dé iwájú rẹ̀. Òun fò ṣubú sínú koríko. Hiske àti kẹ̀kẹ́ lọ sábẹ́ táyà.

Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, síbẹ̀ wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà lórúnkún. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Jikke jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ò nà án, kò bú u. Ó kàn jókòó, ó bo ojú.

"O sọ fún mi," ló wí níkẹyìn. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Ọdún gorí ọdún. Jikke di ìyàwó ilé, ó bímọ. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé Rixt nínú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, òun náà ti ń lo awò ojú. Jikke rán an létí ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Rixt ronú, ronú.

"Má bínú, mi ò rántí. Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò purọ́. Ẹ̀fẹ̀ tó mú Jikke bọ́ awò ojú rẹ̀ lójú pópó kò pẹ́ lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Hiske ò tíì gbàgbé. Títí dòní, ẹsẹ̀ onírin ló ń so mọ́ orúnkún kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àgbà tó bá rò pé ìṣòro ọmọdé kéré, kó ṣì bá a gbé e. Ìwọ ọ̀dọ́, ìtìjú tó dà bí òkè lónìí ń bọ̀ wá rọ̀. Má ṣe torí rẹ̀ pàdánù ohun tí ọ̀la kò lè dá padà.