Ẹni Tó Ń Kọ Orúkọ Sẹ́yìn Fọ́tò

Mi ò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Verlene Gaskin, tí ó ṣojú òun náà, ṣì wà láàyè ní Tillery Bend, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í, kò ní sẹ́.

Ọdún 1986 ni. Èmi, Ardelia Sykes, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni. Verlene náà ti fi iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń bójú tó ilé ìrántí àwọn èèyàn wa, àwa aláwọ̀ dúdú, yàrá méjì péré, tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ìkejì wà lọ́wọ́ Verlene.

Ohun tó ṣeyebíye jù níbẹ̀ ni àpótí páànù kan tó kún fún fọ́tò. Lucius Embry ló ya wọ́n. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣí ilé fọ́tò lágbègbè wa, ogójì ọdún ló sì fi ya àwọn èèyàn wa: ìyàwó tuntun, ọmọ ọwọ́, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, òkú inú pósí. Ìwé tó ń kọ orúkọ wọn sí jóná mọ́ ilé rẹ̀. Fọ́tò náà lé ní irínwó, kò sì sí orúkọ lẹ́yìn ẹyọ kan. Àwọn àgbà tí ì bá dá wọn mọ̀ ti ń kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á máa wo ojú wọn, ojú wọn á máa wo èèyàn padà, kò sì ní mọ ẹni tí òun ń wò.

Lóṣù kìíní ọdún náà, mo ṣí àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo yí fọ́tò obìnrin kan tó gbé agbòjò padà. Orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tempie Rudd. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀ sápá òsì.

Mo rò pé Verlene ni. Mi ò bínú. Ibi tó ti rí orúkọ náà ló ń yà mí lẹ́nu. Mo lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ń ka òkúta orí sàréè kiri. Tempie Rudd wà níbẹ̀, ọdún 1931 ló kú. Lọ́sẹ̀ kejì, orúkọ mẹ́fà ló tún yọ. Mo yẹ gbogbo wọn wò nínú ìwé ìkànìyàn. Kò sí èyí tí kò tọ̀nà.

"Ta ló ń sọ orúkọ wọ̀nyí fún ẹ?" ni mo bi Verlene nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán.

Ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ló yẹ kí n bi ẹ́ bẹ́ẹ̀."

A wo ara wa. Ẹja díndín tó wà níwájú wa tutù síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ Verlene. Mo máa ń wo ìka rẹ̀ bóyá dúdú pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀. Mo mọ iye pẹ́ńsùlù tó wà nínú dúrọ́ọ̀, mo sì ń kà wọ́n láràárọ̀. Mo mọ̀ pé òun náà ń ṣọ́ mi, nítorí mo bá a lọ́jọ́ kan tó tẹ́ ìwé ìpàdé tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kan, tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Nígbà tó lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ ní Memphis fún ọjọ́ mẹ́jọ, orúkọ mọ́kànlá ló yọ. Ó dé, ó kà wọ́n tán, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Èmi ò sí nílé o, Ardelia," ló wí. "Ta ló wá kù?"

Mo ní ká jókòó tì í. Àwa méjèèjì. Kí kálukú gbé ọwọ́ rẹ̀ síbi tí ẹnìkejì á ti máa rí i.

Ọjọ́ Sátidé ni, aago méjì ọ̀sán. Oòrùn ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé. A ti ilẹ̀kùn látinú, a kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sórí tábìlì. A dé àpótí náà, a gbé e sáàárín wa. Ọwọ́ mẹ́rin wà lórí tábìlì. Verlene bọ́ òrùka rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tó fi bọ́ ọ.

Mọ́tò kan kọjá lójú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan ò kọjá mọ́. Ajá tó máa ń gbó lẹ́yìnkùlé dákẹ́. Mò ń gbọ́ aago ọwọ́ ara mi.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbọ́ irú ìró yẹn nínú kíláàsì, mi ò lè ṣì í mọ̀. Ẹnu pẹ́ńsùlù lórí bébà ni. Ó ń lọ, ó dúró, bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Ó tún ń lọ. Inú àpótí ló ti ń wá.

Mo wo ọwọ́ Verlene. Verlene wo ọwọ́ mi. Kò sí èyí tó mira nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró. Verlene ló ṣí ìdérí. Fọ́tò tó wà lókè pátápátá, a mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Dókítà Hosea Blanding ni, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe dókítà ní gbogbo agbègbè wa. Òun ló gbẹ̀bí mi, òun ló gbẹ̀bí Verlene. Kò kọjá ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́ tí a ó ṣí òkúta ìrántí rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tilẹ̀ ti gbẹ́ ojú inú fọ́tò yìí gan-an sára idẹ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ òkúta náà.

Verlene yí i padà. Ó kà á jẹ́jẹ́.

"Èyí kì í ṣe Dókítà Blanding. Cato Mims ni, tó ń wa mọ́tò fún un."

Mo fi ìka kàn án. Èérú pẹ́ńsùlù náà ṣì wà lórí rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Jẹ́ ká pa á rẹ́," ni Verlene wí.

"Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣe ni ká tètè pa á rẹ́."

A ò pa á rẹ́. Mo gbé e lọ bá Màmá Zenobia Blanding, ọmọ kan ṣoṣo tí dókítà fi sílẹ̀ sáyé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Mo bá a níloro ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un, mo fi ẹ̀yìn fọ́tò hàn án. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kà á, ó sì ń bó ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, Màmá."

"Ẹnì kan sọ ọ́."

Ó wá rò ó fún mi. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun lọ́dún tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá jà, ìyẹn 1918. Wọ́n sin èèyàn mọ́kàndínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà Blanding ò sùn, kò jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní ó ti tó òun, ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Chicago, kò sì padà mọ́. Cato Mims, bàbá òun, ló fi mọ́tò gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Bàbá òun nìkan ló dá padà wálé, tòun ti báàgì dókítà. Ó ti fi ọdún mẹ́fà wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn aláìsàn sì ń ké. Ó wọ kóòtù ọ̀gá rẹ̀, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Kí àrùn náà tó rọlẹ̀, orúkọ náà ti di tirẹ̀. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó wà ní Tillery Bend ló mọ̀. Wọ́n pé jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọwọ́ lé Bíbélì pé àwọn ò ní sọ ọ́ láéláé. Ní ti àwọn òyìnbó, wọn kì í wo ojú wa. Báàgì ni wọ́n ń wò.

"Gbogbo àwọn tó fọwọ́ lé Bíbélì yẹn ti kú," ló wí. "Èmi nìkan ló kù. Èmi ò sì kọ nǹkan kan."

Mo bi í bóyá dókítà kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti Chicago rí. Ó ní rárá. Ó tètè dáhùn jù.

Nígbà tí mo dìde, ó ní kí n ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú mi. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ Blanding," ló wí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo dúró níwájú òkúta tí wọ́n faṣọ bò, mo sì sọ ọ́. Mo ní ojú tí wọ́n máa rí yìí, ojú Cato Mims ni, awakọ̀ tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, tó sì dúró ti ìlú wa nígbà tí kò sẹ́ni tó kù. Mo rò pé ariwo á sọ. Ariwo ò sọ. Ọkùnrin arúgbó kan ṣí fìlà. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pa á pẹ́. Verlene ń sunkún. Màmá Zenobia ò pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Verlene ti dé ilé ìrántí ṣáájú mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kóòtù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun bá fọ́tò kan lókè gbogbo àwọn yòókù nínú àpótí, òun sì ti gbé e sórí tábìlì.

"Wo ojú rẹ̀ ná, kó o tó wo ẹ̀yìn," ló wí.

Mo wò ó. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Mo ti wo inú àpótí yẹn láìmọye ìgbà, mi ò rí fọ́tò yìí rí. Igi sípírẹ́sì mẹ́ta. Etí omi dúdú. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì ti dí i padà, bí ojú sàréè. Koríko ò tíì hù síbẹ̀. Embry kì í ya ilẹ̀. Èèyàn nìkan ló ń yà.

Mo yí i padà. Lẹ́tà kéékèèké, wọ́n tẹ̀ sápá òsì.

"Dókítà Blanding nìyí."

Mo tẹ Màmá Zenobia láago. Mo ní orúkọ mìíràn tún ti yọ. Mi ò sọ orúkọ ẹni tó jẹ́. Mi ò sọ ohun tó wà nínú fọ́tò náà.  

"Ṣé èyí tó wà létí omi ni?" ló bi mí.

Òun ló kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún náà ló kú. Mi ò bi í mọ́ bóyá dókítà tilẹ̀ dé Chicago.

Idẹ náà ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbé òdòdó síbẹ̀ fún Cato Mims. Èmi àti Verlene ti wá igi mẹ́ta yẹn kiri, ká má parọ́. Igi sípírẹ́sì pọ̀ létí omi wa.

Fọ́tò mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló ṣì wà nínú àpótí tí kò lórúkọ. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án, bí ajá bá ṣàdédé dákẹ́, àwa méjèèjì á dìde. A ó bọ́ síta, a ó ti ilẹ̀kùn. A ó dúró sínú oòrùn títí ẹni tó ń kọ̀wé á fi kọ ọ́ tán.