Pẹpẹ Tó Mu Omi

“Igi wo ló tilẹ̀ wà láyé tí omi ò lè jẹ?”

Ìyá ló béèrè bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, níbi tó ti ń ṣa irúgbìn ata nínú ẹrẹ̀. Bàbá Káfíńtà tí wọ́n ránṣẹ́ pè ń fi àtàńpàkò tẹ pẹpẹ tó já lulẹ̀, pákó náà sì ń wọnú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì. Kílófàá dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó tẹjú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àti kékeré ló ti ń bi tàgbà tèwe pé kí ló fà á. Kí ló fà á tí òjò fi ń rọ̀, kí ló fà á tí adìyẹ ò fi léyín? Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ohun tó fà á, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á láti sọ.

Ọmọ ata àti ọmọ tòmátò ni ìyá rẹ̀ ń mú hù tà fún àwọn olọ́gbà. Ahéré kékeré ẹ̀yìnkùlé ni irúgbìn máa ń wà títí àsìkò ìgbìn yóò fi dé. Ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́ báyìí. Ìyókù, àpò mẹ́rin, ni wọ́n kó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ìyá wá ń sùn sílẹ̀. Ó sì ti sọ ọ́ kedere pé bí èyí náà bá bàjẹ́, òun á pa ọgbà tì, òun á padà sídìí iṣẹ́ ìfọṣọ nílé ìtura ìlú kejì, ibi tí òun á ti máa wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kílófàá ti gbé irú ayé yẹn rí. Kò fẹ́ ẹ mọ́.

Ìyá yíjú sí káfíńtà. “Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ní kọ́mọ yìí ra pákó funfun yìí, Bàbá. Mo gbójú lé yín.”

Bàbá Káfíńtà la ẹnu, ó wo Kílófàá, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó fi ààyè sílẹ̀ bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá rán an pé kó lọ bi káfíńtà léèrè irú pákó tó yẹ pẹpẹ. Bàbá ní kó padà wá nírọ̀lẹ́, kóun kọ́kọ́ parí ilẹ̀kùn tó wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ìgbàlódé ló pàdé lọ́nà. Ìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ wo ni yóò dúró dè. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun tó ń ta pákó, ó sì fi èyí tó ń dán bí abọ́ tánganran hàn án, tí kò sì wọ́n. Ọmọ tó ń ṣèwádìí lórí adìyẹ kò bi pákó yẹn ní ìbéèrè ẹyọ kan. Nígbà tó délé, ó ní káfíńtà ló yàn án.

“Irọ́ ni mo pa, Màámi,” ló sọ níkẹyìn. “Ẹ má bá Bàbá wí. Mi ò padà débẹ̀. Èmi ni mo yàn án.”

Ìyá ò lù ú, kò sì pariwo. Ó da irúgbìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. “Ọwọ́ tó bà á jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe. Òjò kàn lọ sinmi ni, kò ní pẹ́ padà. Kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, mo fẹ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi.”

Bàbá Káfíńtà ṣẹ́ pákó náà sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn án. “Lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ni. Wọ́n fi rọ́bà bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí tí wọ́n fi ayùn gé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó dé fìlà, kò wọ ṣòkòtò.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kílófàá, ṣùgbọ́n ó rántí ara rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Òrùlé ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Ó gun òkè, kò rí ihò kankan. Ó wá tẹ́ ọ̀rá kan sílẹ̀ nínú ahéré, ó fi òkúta di igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òkè ọ̀rá gbẹ táútáú, abẹ́ rẹ̀ kún fún ìrì. Òrùlé ò jo rárá, ilẹ̀ ló ń làágùn.

Agbára wọn ò ká sìmẹ́ǹtì. Kílófàá gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn díẹ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó tẹ́ rọ́bà nínípọn lé e, ó da iyanrìn lé rọ́bà, ó sì lọ tọrọ àfọ́kù táìsì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó tò ó lókè. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Nígbà tó tún tẹ́ ọ̀rá síbẹ̀, ilẹ̀ ò làágùn mọ́.

Ó wá ku igi pẹpẹ. Ó ṣa àjákù pákó lóríṣiríṣi nílé káfíńtà, ó fi rúlà wọ̀n wọ́n, ó sì rì wọ́n sínú garawa fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí wọ́n fi ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀ ṣí bí ìwé. Igi rírọ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀. Igi líle kan ṣoṣo ni kò mira. Nígbà tí Bàbá sọ iye rẹ̀, Kílófàá rọra gbé e padà bí ẹni gbé ẹyin.

Ìgbàlódé yà wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkànlá. Ó ní kí ló ń da ara rẹ̀ láàmú sí. “Fi sáńpépà ha ibi tó wú lára ìyókù pákó funfun yẹn, kó o fọ̀dà kùn ún. Màámi ẹ ò ní mọ̀.”

Ó rẹ Kílófàá. Fún ìgbà díẹ̀, ó rò ó wò. Lẹ́yìn náà ló mi orí.

“Màámi ò ní mọ̀. Omi á mọ̀.”

Ìgbàlódé bi í bóyá omi ló wá di olùkọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú. Kílófàá lọ fọ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ti ń fọ èkejì kó tó rántí ìbéèrè ìyá rẹ̀. Igi wo ni omi ò lè jẹ? Ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orí pákó ló dúró lé, pákó tí gbogbo ilé ń gùn fọ ẹsẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i, tí kò gbẹ rí lọ́jọ́ kan. Ó yí i padà. Èéhù bo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó dún kó, kó, bí ilẹ̀kùn.

“Màámi, níbo lẹ ti rí pákó yìí?”

Ìyá jáde síta. Ó ní ara ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àwọn wá síbí ni, nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀. Ó ní wọ́n tiẹ̀ fún òun ní ìyókù. Ó rọra yíjú sí ahéré.

Ara ògiri rẹ̀ níta ni wọ́n fara tì, márùn-ún gbáko. Ẹ̀wà ti fà bò wọ́n, òjò ti pa wọ́n fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ojú sì ti mọ́ wọn débi pé ẹnikẹ́ni ò rí wọn mọ́. Kílófàá ti kọjá lára wọn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ́sẹ̀ yẹn nìkan.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni ìyá wí, “ẹni tó ń dán kọ́ là ń bi léèrè omi. Ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ là ń bi. Kéèyàn sì dúró gbọ́ èsì.”

Kílófàá ti ń tú ẹ̀wà kúrò lára àkọ́kọ́.