Awò Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn jókòó síwájú makirofóònù, ó di bébà mú bí ẹni tó ń kà á. Kò kà á. Láti kékeré ni lẹ́tà ti máa ń jó lójú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kan á gun òmíràn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ka ìròyìn náà sí i létí nílé, tí òun sì há a sórí. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tó ti dé ilé-iṣẹ́ rédíò náà, kí wọ́n má baà lé e.

Lọ́jọ́ kan, olóòtú fún un ní bébà tuntun lójijì. Ọmọbìnrin náà ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Irọ́ kì í dá rìn: ó di dandan kó wá awò. Ó ra onígíláàsì lásán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìgbà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ìgboro wó ni àwáwí tán. Olóòtú sáré gbé ìròyìn náà fún un. Awò wà lójú, ọ̀rọ̀ kò jáde. Wọ́n fi orin dí àlàfo náà. Olóòtú rò pé awò náà ló dọ̀tí. Ó nù ún, ó gbé e sójú ara rẹ̀ wò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, gíláàsì fèrèsé lèyí. Ta lò ń tàn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ojú mi ríran dáadáa. Ìwé ni mi ò lè kà geere."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀wé kà rèé. Olóòtú kò bá a rẹ́rìn-ín.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìròyìn kíkà bọ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí. Gba ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yìí, kó o lọ sídìí afárá náà."

Níbẹ̀, ẹnjiníà àgbà tó ń bójú tó afárá ìlú ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé afárá náà ti ń ṣàìsàn. Àwọn oníròyìn yòókù dorí kodò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kọ nǹkan kan. Gbogbo ìròyìn tó ti há sórí ṣì wà lórí rẹ̀ pérépéré.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ lórí rédíò wa pé òpó rẹ̀ ti sán, pé ẹ máa tì í pa. Kí ló dé tí ẹ ò tì í?"

Ẹnjiníà yára wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàm. Ìbéèrè yẹn àti ìró ilẹ̀kùn náà ni gbogbo ìlú gbọ́ nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Olóòtú wá ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sinmi. Lónìí, òun ni ọ̀gá àwọn oníròyìn ibẹ̀. Awò náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì máa ń fi han àwọn ọmọ tuntun: kì í ṣe ìwé tí òun kò lè kà ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, awò yẹn ni. Ẹni tó bá sọ ibi tó ń dun òun là ń bá wá oògùn.