"I" Kan Ṣoṣo Lẹ́yìn "Pan"

Jagna tó ń po tíì ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní ìlú Toruń, nílẹ̀ Poland, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ksawery Wrona, aláìsàn tó ṣẹlẹ̀ sí, fúnra rẹ̀ ti ní ká sọ ọ́ síta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Bogumiła wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó ké sí àwọn tó jókòó: "Pani Wrona! Ó kàn yín!"

Pan ni wọ́n ń pe ọkùnrin níbẹ̀, pani ni ti obìnrin. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló dìde. Gbogbo ojú yí sí i. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ò gba oògùn!" ni Bogumiła wí. "Kí ni mo tiẹ̀ fi ṣe é?"

Jagna fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe irùngbọ̀n ní pani."

"Obìnrin ni wọ́n kọ sínú fáìlì!"

"Ṣé fáìlì ló ń ṣàìsàn ni? Ó ti lé lógún ọdún tí Ksawery ti ń gbé bí ọkùnrin. Ó ní kí n bá òun sọ fún yín, ojú ń ti òun. I kan ṣoṣo lẹ fi kún un, òun ló ń lé e nídìí oògùn. Jẹjẹrẹ ò sì ní dúró dè é."

Bogumiła gbé fáìlì sílẹ̀. "Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́?"

"Kúnlẹ̀ kẹ̀! Kó tún wá máa rẹ̀ yín lẹ́kún? Ẹ pè é bó ṣe yẹ, ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, ó tán."

Bogumiła sáré bá a níbi tí wọ́n ti ń wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. "Pani—" Ó gbá ẹnu ara rẹ̀. "Pan! Pan Wrona! Ẹ dárí jì mí. Ahọ́n mi ló ń ṣàìsàn, àmọ́ ó ti ń gbádùn bọ̀."

Ksawery bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fún un lábẹ́rẹ́!"

Àwọn méjèèjì jọ padà wọlé.

Ẹ̀yin tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹ béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa pè yín?" Ẹ kọ ọ́ síwájú fáìlì, kí ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè rí i. Bí ẹ bá ṣì í pè, ẹ tún un ṣe kíá, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ má torí àṣìpè fi oògùn sílẹ̀; ẹ wá ẹni tí yóò bá yín sọ ọ́.

Nígbà tí oògùn ọjọ́ náà parí, Jagna wé kéèkì atalẹ̀ méjì fún Ksawery.

"Ó dàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, pan Wrona!" ni Bogumiła ké tẹ̀lé e.

Ksawery ju ọwọ́ sókè, kéèkì kún un lẹ́nu. Kò wẹ̀yìn rárá. Tíráàmù rẹ̀ ti ń yọ.