Iná Tuntun Ṣàkírù àti Ẹsẹ̀ Yusif

Iná iwájú mọ́tò wa kan kú. Ẹ ṣáà mọ bí mọ́tò olójú kan ṣe ń rí: ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé alùpùpù ni. Èmi ni mo yọ ọkọ mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Khàlíl, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra gílóòbù. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ti Ashaiman kó ẹrù aṣọ darí wálé."

Ni Ṣàkírù ọkọ mi bá gba ọjà Lapaz lọ, ní Accra níbí. Ohun tó bá ń dán ni tirẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò tilẹ̀ tú èyí tó kú dání. Ẹni tó ń tajà so gílóòbù kan mọ́ bátìrì, ó tàn yanran, ó ní, "Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Ghana, "wò ó! Ọ̀sán gangan nìyí!" Ọkọ mi ra méjì.

Ìdí gílóòbù ọ̀hún kò bá ihò iná mọ́tò wa mu. Ọkọ mi ya páálí, ó fi há a, ó sì tàn. Gbogbo àdúgbò wa ní Mamobi ló ń kí i: "Ẹ kú iná tuntun o!" Ó ń dáhùn bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tó di Sátidé, à ń bọ̀ láti Ashaiman, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Mọ́tò kan tó ń bọ̀ níwájú tan iná, ó pa á, ó tún tan án. Ọkọ mi juwọ́ sí i. Òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún juwọ́.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kí mi ni, Ìyá Khàlíl. Iná yìí wù wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ṣáà ni wá. Ta ni yóò kí wa tí a ò ní dáhùn?

A ti wọ Mamobi tán nígbà tí alùpùpù kan yọ ní kọ́nà. Òun náà fi iná ṣẹ́jú sí wa. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ọwọ́ sókè láti dáhùn ni mo rí i tí ẹni tó gun alùpùpù náà gbé apá bojú. Gbàà! Ó ti bá gọ́tà lọ.

A sáré bọ́ sílẹ̀. Sùbùhánállàhì, Yusif ni! Yusif tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀, tó ń fi alùpùpù gbé èrò láti bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

Ó ń kérora, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná yín ni kò jẹ́ kí n ríran. Mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dín iná kù, ẹ̀ ń juwọ́ sí mi."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní egungun ẹsẹ̀ náà fọ́, pé àwọn ò tíì lè sọ bóyá Yusif á tún lè gun alùpùpù.

Lọ́jọ́ kejì, Afeefah àbúrò ọkọ mi wá bẹ Yusif wò. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé ilé wa, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú mọ́tò sí ògiri, kó tan iná. Ìmọ́lẹ̀ náà fọ́n ká dé òrùlé.

"Ẹì! Bùrọ̀dá, ta lẹ fẹ́ kó máa ríran? Ẹyẹ?"

"Afeefah, mo rò pé èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ló dára jù ni."

Afeefah rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pọ́n. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀, ẹ má fìyà jẹ ara yín. Irú gílóòbù kan ni wọ́n ṣe dígí iná yìí fún. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìdí èyí tó kú, bíi H4, ó sì wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá. Irú mìíràn lẹ rà. Páálí tí ẹ fi há a tún mú un wọ́, ló bá ń ta sójú èèyàn."

"Tí mo bá rí èyí tó bá ihò mu, tí agbára rẹ̀ wá pọ̀ jù ńkọ́?"

"Wáyà á gbóná, ike ìdí rẹ̀ á yọ́. Iye wáàtì tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà."

Ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ mi pààrọ̀ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ti ìsinsìnyí pọ́n díẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i, ọ̀nà sì hàn sí wa dáadáa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí gílóòbù bá kú, ẹ tú u dání lọ sọ́jà. Ẹ ka ohun tó wà lára ìdí rẹ̀, kí ẹ ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, torí èkejì náà ti ń gbó. Ẹ má fọwọ́ kan dígí rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí a máa ń fi òrí para. Ọ̀rá yẹn kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó jó. Èyí tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń dé. Bí àwọn tó ń bọ̀ bá ń fi iná ṣẹ́jú sí yín, ẹ tètè dín iná kù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ bá délé.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ló gbé àwọn ọmọ Yusif lọ sílé ìwé. Nígbà tó padà dé, kò lè jẹun. Ó ní èyí tó kéré jù nínú wọn bi òun pé ọjọ́ wo ni bàbá òun máa dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bi yín ní irú ìbéèrè yẹn.