Àwọn Iná Sàárì Tí Habeeb Rí Látòkè

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fi àga sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí ẹ gbọ́ bí Àṣàkẹ́ ọmọ Àkàngbé ṣe rí ọkọ.

Nínú ààwẹ̀ èṣí ni. Aago mẹ́rin ìdájí, Àṣàkẹ́ ń lu agolo mílíìkì láti ojúlé dé ojúlé l'Àgùdà níbí, ó ń jí wa sí sàárì:

*Jí o, ará ilé kejì,*
*Iná mi ti ràn, tìrẹ dà?*

Ni Habeeb bá yọrí, ṣójà òfuurufú tó wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Àǹtí Alágolo, ẹ jẹ́ ká sùn!"

"Ṣójà olóorun! Ẹ̀wà ìyá ẹ ti ń jóná."

Habeeb bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, òun ló bá a gbé agolo. Kí oṣù tó lé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá Àkàngbé pe Habeeb. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

"Inú bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ni mo wà, sà. Èmi ni mò ń wo ìsàlẹ̀, èmi náà ni mò ń tẹ bọ́tìnnì."

"Ṣé o máa ń mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀?"

Habeeb ní òun kì í mọ̀ ọ́n.

Bàbá ní, "Mi ò lọ́mọ tí mo fẹ́ fún ẹ."

Ààwẹ̀ ọdún yìí dé, àwọn ológun ní kí Habeeb àti ọ̀gá rẹ̀ lọ fọ́ ibùdó ọ̀tá kan lókè Ọya lóru. Ọ̀gá Oyèníran ló ń wa bàálù. Òkùnkùn biribiri. Lójú ẹ̀rọ, Habeeb rí iná kan. Èkejì ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e.

"Habeeb, tẹ̀ ẹ́!"

Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́rin kọjá. Ṣé orí ẹ pé? Epo ń tán lọ!"

"Ẹnì kan ló ń jí wọn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá jẹ́ ọ̀tá ńkọ́? Wọ́n á yìnbọn fún wa!"

"Ẹ yí i, sà."

Bàálù yí. Habeeb fa àwòrán ojú ẹ̀rọ náà mọ́ra. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Obìnrin tó pọnmọ ló ń fẹ́ná nídìí ìkòkò, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó yí i ká. Oyèníran dorí bàálù kọ ilé. Wọ́n gbé bọ́ǹbù wọn padà.

L'Àgùdà, Àṣàkẹ́ lu agolo títí apá fi ro ó, fóònù rẹ̀ tí Habeeb máa ń pè ní gbogbo sàárì ò dún. Oòrùn ti yọ kó tó dún.

"Alágolo mi."

"Habeeb! Ṣé kò sóhun tó ṣe ẹ́?"

"Orin ẹ ni ò jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì."

Habeeb ròyìn fún un, Àṣàkẹ́ náà ròyìn fún bàbá rẹ̀. Bàbá gba fóònù.

"Ta ló wà nísàlẹ̀?"

"Àwọn tó ń se sàárì ni, bàbá."

Bàbá Àkàngbé ní, "Lẹ́yìn ìtúnu, wá so yìgì."

Lọ́jọ́ yìgì náà, ọkọ lu agolo, ìyàwó dárin, èmi arúgbó yìí jó! A jẹ ìrẹsì àti ẹran àgbò, a tún dì í dání. Kò sẹ́ni tó relé láìyó.